Ìdin onírun tó ń rìn nílẹ̀ yàrá: ẹ wá ohun tó ń jẹ kí ẹ tó wá oògùn

Ìyá kan ní Kàbà ló kọ̀wé sí mi, ohun tí wọ́n kọ nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Òkun o sà. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń rí kòkòrò kan nílẹ̀ yàrá wa. Ó pọ́n dúdú, ó nírun lára yíká, ó gùn tó èékánná ìka kékeré, ó sì ń sáré. Mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i lẹ́yìn wọ́dúróòbù, mo sì rí ọ̀kan níbi tí ọmọ ń sùn. Ara ọmọ náà ti wá sú lọ́rùn àti lápá, ó ń yún un. Mo ti fọ́n DDVP, oògùn apakòkòrò yẹn, léraléra, èyí tó bá wà nílẹ̀ á kú, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á tún ti dé. Ẹnì kan ní ọmọ ìdun ni, ẹnì kan ní ìkán ni, àwọn míì ní kì í ṣe ojú lásán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ báyìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, kí sì ni kí n ṣe?" Wọ́n fi fótò mẹ́ta tì í.

Òkun o mà, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì ṣeun tí ẹ ya fótò, torí fótò kejì yẹn ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ ná: kò mu ẹ̀jẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣeé fi mu ẹ̀jẹ̀, nnkan gbígbẹ ló fi ń rún. Kì í ṣe ìdun, kì í ṣe ìkán, ẹnikẹ́ni ò sì rán an sí yín. Ìdin kòkòrò tó ń jẹ ẹja gbígbẹ ni, kòkòrò dúdú kan tí àwọn tó ń ta ẹja yíyan mọ̀ dáadáa, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Dermestes maculatus. Bó ṣe wá dé yàrá tí ẹ ń sùn, níbi tí kò sí ẹja nílẹ̀, ni mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà, ibẹ̀ náà sì ni oògùn tí ẹ ń fọ́n ti ń kùnà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe dá a mọ̀, kí ẹ̀yin náà lè máa fojú ara yín dá a mọ̀ lọ́jọ́ míì. Tí ẹ bá rí ìdin kankan nínú ilé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ gbé e sórí pépà funfun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án látòkè, torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ́ kí irun àti oríkèé ara hàn, kí ẹ wá gbé kámẹ́rà súnmọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ìdin eṣinṣin ò lẹ́sẹ̀ rárá, kò sì ní orí tí ẹ lè tọ́ka sí, iwájú rẹ̀ kàn tín-ín-rín ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sanra. Ọmọ labalábá àti ti àfòpiná lẹ́sẹ̀ mẹ́fà lábẹ́ àyà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní àwọn ẹsẹ̀ kúkúrú ẹlẹ́ran míì lábẹ́ ikùn tí wọ́n fi ń di nnkan mú. Èyí tó bá wá jẹ́ ẹbí yímíyímí, ìyẹn gbogbo kòkòrò tí ìyẹ́ òkè rẹ̀ le tó sì bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, orí ìdin rẹ̀ máa ń le, ó máa ń láwọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló máa ń ní, gbogbo rẹ̀ á sì wà nítòsí orí, lábẹ́ ikùn kò sí nnkan kan. Àwọn kan wà nínú ẹbí yìí tí ìdin wọn ò lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń gbé inú hóró ẹ̀wà tàbí hóró àgbàdo nìyẹn, àárín oúnjẹ ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò ní ibi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n orí líle yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Nínú fótò kejì yín ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹn hàn kedere, irun gígùn àti kúkúrú sì yọ láti gbogbo oríkèé ara rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ó dúdú, ó fẹ́ pọ́n, ṣùgbọ́n ìlà kan wà tó mọ́ ju ara yòókù lọ, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn orí, ó gba àárín ẹ̀yìn lọ dé ìdí. Ikùn rẹ̀ mọ́. Ní òpin ìdí rẹ̀, lókè, ìwo kékeré méjì wà níbẹ̀ tó le, ṣónṣó rẹ̀ yí padà sí ọ̀nà orí. Ìlà yẹn, ìwo méjì yẹn, àti gígùn rẹ̀ tó lè tó mílímítà 15 tó bá ti dàgbà tán, kò sí ìdin onírun míì nínú ilé tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹ pè ní òkú wọn nínú fótò àkọ́kọ́, àwọn tó fúyẹ́ tí inú wọn ṣófo tí irun ṣì wà lára wọn, kì í ṣe òkú, awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ni. Ìdin yìí máa ń bọ́ awọ léraléra kó tó dàgbà, nítorí náà tí ẹ bá rí awọ ogún, ó lè má ju ìdin mẹ́ta mẹ́rin lọ. Tí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n pọ̀ sí nínú ilé, ẹ tẹ̀lé awọ, torí ibi tó bá ti jókòó jẹun ló ti ń bọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kòkòrò dúdú gígùn díẹ̀ ni, mílímítà mẹ́fà sí mẹ́wàá, tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀ dúdú lẹ máa rí, tí ẹ bá yí i padà ikùn rẹ̀ funfun. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án á ṣe bí ẹni pé ó ti kú, á ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Ó dá mi lójú pé ẹ ti rí i rí lójú fèrèsé ẹ ò kà á sí.

Ó wá ku fótò kẹta. Wọ́dúróòbù lẹ fẹ́ fi hàn mí, ṣùgbọ́n páálí kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì. Mo bi yín léèrè, ẹ ní ẹja àrọ̀ yíyan ni, àbúrò yín ló gbé e wá láti Lọ́kọ́jà nígbà ọdún, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ gbé èyí tó kù sókè kí ológbò má bàa dé ibẹ̀. Mà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹja tó jáde nínú odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, tí wọ́n bá ti yan án tán, eṣinṣin ò fẹ́ ẹ mọ́ torí ó ti gbẹ, ìgbà yẹn gan-an ni kòkòrò dúdú yìí wá ń fẹ́ ẹ. Ó lè bá a lórí àtẹ, ó lè bá a nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kó ẹja ìṣáájú, á yé ẹyin rẹ̀ sí abẹ́ ìjàgbọ̀n àti inú ikùn ẹja níbi tí ojú ò tó. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó pọ̀ gan-an nígbà ayé rẹ̀, ẹyin náà á pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, nínú ooru tiwa yìí láti ẹyin dé àgbà kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje. Ẹja tí wọ́n gbé wá nígbà Kérésì, tí ẹ wá ń rí ìdin lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ti bímọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú páálí yẹn.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú nìyí: ìdin tó bá ti yó tó sì dàgbà kì í fẹ́ dúró nídìí ẹja mọ́. Ó fẹ́ yí padà di àgbà, àsìkò yẹn kò ní lè sáré, kò ní lè jà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ebi ń pa á jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá rí i. Torí náà á fi oúnjẹ sílẹ̀, á máa rìn kiri ilé, á wá nnkan tó lè gbẹ́ ihò sí, ì báà jẹ́ pákó, fóòmù, páálí, síílìn, àní sìmẹ́ǹtì tí kò le dáadáa. Kì í jẹ pákó o, ihò ló kàn ń gbẹ́ láti fara pamọ́. Àwọn tí ẹ ń rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, arìnrìn-àjò ni wọ́n, wọ́n ti jẹun tán. Ẹ fọ́n oògùn sílẹ̀, ẹ pa àwọn tó ń rìn lọ, páálí wà lókè, ó ń tú àwọn míì jáde. DDVP fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ, èyí tó bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò ní bá nnkan kan tó máa pa á. Ìdí tí ẹ fi ń rí i pé wọ́n ń padà bọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí páálí. Ẹ má tú u nínú yàrá. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù ńlá bò ó látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ di ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tú u lórí nnkan funfun nínú oòrùn. Ẹ máa rí iyẹ̀ nísàlẹ̀ páálí, ẹ máa rí awọ, ẹ máa rí egungun tí ẹran ti tán lára rẹ̀ mọ́mọ́. (Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn: àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun ń sin kòkòrò yìí kan náà láti máa bá wọn ṣan egungun ẹranko, torí kò sí ọ̀bẹ tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti bá a lára òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé.) Ẹ tún lè rí kòkòrò kékeré kan tó ń dán, tó dà bíi búlúù bíi àwọ̀ ewé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Necrobia rufipes nìyẹn, òun náà ń jẹ ẹja, ó sì ń jẹ ẹyin àti ìdin àwọn yẹn pẹ̀lú, àwọn méjèèjì máa ń jọ wà pọ̀ ni.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: tí oògùn tí ẹ fọ́n bá ti ta sí páálí yẹn, tàbí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fọ́n ọn sí i, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja yẹn mọ́, kí ajá má jẹ ẹ́, kí adìyẹ má jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹja gbówó lórí, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ DDVP kúrò nínú ẹja tó ti fà á mu. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀, ẹ sin ín. Tí oògùn ò bá kàn án rárá, ẹ ṣà á. Èyí tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán, ẹ dáná sun ún. Èyí tó ṣì le, ẹ gbọn ọ́n, ẹ la ikùn rẹ̀ wò, kí ẹ dá a padà sórí iná, iná tí kò lágbára jù ṣùgbọ́n tó máa pẹ́, kí ooru wọ inú dé egungun. Ooru 60°C fún wákàtí kan ń pa ẹyin, ìdin àti àgbà. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú ike tí ìdérí rẹ̀ fún pinpin, torí tí ẹ bá dé e ní gbígbóná á làágùn, èbù á hù. Fírísà náà dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà ní dídì gbagidi fún bí ọ̀sẹ̀ kan láì yọ́, bí iná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa ẹ̀yin náà mọ̀, torí náà iná igi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Tí ẹ bá tún máa ra ẹja, ẹ bẹ àwọn tó ń yan án kí wọ́n fi iyọ̀ sí i dáadáa kí wọ́n tó yan án, ẹja oníyọ̀ kì í tètè rọrùn fún kòkòrò yìí. Páálí yẹn ńkọ́, ẹ sun ún, ẹ má fi kó nnkan míì, ìdin lè ti gbẹ́ ihò sáàárín ìpele rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ padà sí yàrá. Ẹ wo orí wọ́dúróòbù àti ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ihò róbótó wà, ẹ wo etí fóòmù, ẹ wo ibi tí síílìn ti pàdé ògiri. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀, irun wọn á fò sókè ẹ ó sì fà á símú. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ún, kí ẹ fọ aṣọ náà síta. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, aṣọ ìbora, aṣọ ọmọ, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn, ẹ lọ̀ wọ́n. Ẹ ṣì máa rí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bí oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀, àwọn tó ti wọ ihò tẹ́lẹ̀ ló ń jáde ní àgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó kó yín lọ́kàn sókè, tí wọn ò bá ti rí ẹja tàbí ẹran gbígbẹ míì jẹ, wọn ò lè bímọ síbẹ̀.

Ní ti ọmọ. Ìdin yìí kì í buni jẹ bíi ti ìdun, irun rẹ̀ ló máa ń já sára ẹni, sára aṣọ, sínú ẹní, ara àwọn míì kì í gbà á, á sú, á máa yún wọn, àwọn míì á máa sín, ojú wọn á máa ṣomi. Ọrùn àti apá tí aṣọ ò bò ni ẹ dárúkọ, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n kò tó láti fi sọ pé òun ló fà á, ara sísú ọmọdé ní ohun púpọ̀ tó lè fà á, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wò ó. Tí ọmọ bá ń mí pẹ̀lú ìnira, tí àyà rẹ̀ ń han, lọ́jọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró. Ẹ má fi kẹrosíìnì pa á lára, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ po òtapíapíá, tí DDVP sábà máa ń wà nínú rẹ̀, mọ́ omi ìwẹ̀ rẹ̀, mo ti gbọ́ ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń bà mí lẹ́rù. Oògùn yẹn iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti èèyàn, ọmọ kékeré tó ń sùn nílẹ̀ ló súnmọ́ ọn jù nínú ilé. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC dá títà ìgò kékeré DDVP dúró ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ dí ọ̀nà ọrọ̀ ajé ẹnì kan. Látọdún 2015 sì ni àwọn ará Yúróòpù ò ti gba ẹ̀wà gbígbẹ wa wọlé mọ́ torí oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Ohun tí wọn ò fẹ́ nínú ẹ̀wà la ń fọ́n sínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Àwọn míì tó máa ka èyí á sọ pé ìdin yẹn wà nílé àwọn náà, àwọn ò sì ní ẹja nílé. Ẹ wo òkè. Ẹni tó fi oògùn eku sílé, tí eku jẹ ẹ́ tó lọ kú sínú síílìn, nígbà tí òórùn bá ti lọ tán tí ó ti gbẹ, oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Alángbá tó há sínú òrùlé, àdán, ìtẹ́ ẹyẹ tó ti gbẹ pẹ̀lú òkú ọmọ ẹyẹ nínú, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Lápá Yàgbà níbi tí ọdẹ ṣì pọ̀, ẹ yẹ ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ wò, ẹ yẹ awọ ẹranko tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri wò, ẹ yẹ ojú ìlù tí kò sí ẹni tó ń lù ú mọ́ wò, pàápàá ibi tí ọsán ti mú awọ. Edé, pọ̀nmọ́ gbígbẹ, oúnjẹ ajá inú àpò, gbogbo rẹ̀. Ohun tó bá ti jẹ́ ẹran tàbí awọ tó ti gbẹ, ilé rẹ̀ ni.

Ìdin onírun míì wà tó jọ ọ́ tó sì kéré sí i púpọ̀, ìyẹn àwọn tó ń jẹ aṣọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Attagenus, ó pọ́n, ara rẹ̀ sanra níwájú ó tín-ín-rín lọ sẹ́yìn, irun gígùn kan bíi ìrù yọ nídìí rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ Anthrenus kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sanra, irun rẹ̀ sì dì pọ̀ sí ìdí. Àwọn méjèèjì ò ní ìwo tí mo wí yẹn. Wọ́n kì í jẹ òwú lásán, wọ́n fẹ́ ohun tó ti ara ẹranko wá: wúùlù, sányán, ìyẹ́ adìyẹ nínú pílò, òkú kòkòrò tó kún inú gíláàsì iná sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àpótí aṣọ ìyá yín, ìyẹn àwọn aṣọ híhun àtijọ́ tí àwọn obìnrin Bùnú fi ọwọ́ ara wọn hun tí ẹ ò lè rí rà mọ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọọdún láì ṣí i. Aṣọ òwú tó mọ́ kì í ṣe oúnjẹ wọn, àmọ́ tí ọbẹ̀ bá ta sí i, tí òógùn bá gbẹ sí i lọ́rùn, wọ́n á jẹ ibi tó dọ̀tí yẹn, ihò á bá a lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ẹ máa gbé e jáde sóòrùn nígbà ọyẹ́. Káńfọ̀ ò ṣe nnkan kan tí àpótí ò bá dé dáadáa.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi jù, kò sì tiẹ̀ jẹ́ ẹbí yímíyímí rárá: àpò kékeré pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ẹ bá dúró wò ó díẹ̀ orí kan á yọ ní etí kan, á wọ́ ara rẹ̀ lọ, ó tún lè yọ orí ní etí kejì. Ọmọ àfòpiná ni. Erùpẹ̀ àti eruku ló fi rán àpò yẹn sára, okùn aláǹtakùn àti irun ló ń jẹ. Ẹ gbá okùn aláǹtakùn, á lọ. Kò ní oró.

Èyí tó wà nínú èlùbọ́ àti fùláwà, tó tín-ín-rín, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ìyẹ̀fun náà, tí kò nírun tó ṣeé rí, tí ìdí rẹ̀ sì ní ṣónṣó méjì tó kéré gan-an, Tribolium ni, ìyá rẹ̀ ni kòkòrò pupa pẹlẹbẹ kékeré tó ń rìn lójú èlùbọ́. Sísẹ́ ẹ kì í tán an, ẹyin rẹ̀ kéré débi pé ó ń bá ihò asẹ́ jáde, ìyẹ̀fun sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àgbà rẹ̀ lè lò ju ọdún kan lọ. Tí ìyẹ̀fun bá ti ń rùn tó sì fẹ́ pọ́n, oje ara wọn nìyẹn, ẹ dà á nù. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sóòrùn líle, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fọ ike tí ó wà nínú rẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Ti ẹ̀wà, ẹ ò ní rí ìdin rẹ̀ àfi tí ẹ bá la hóró. Àmì funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ awọ ẹ̀wà ni ẹyin rẹ̀, ìdin á lu awọ wọlé látibẹ̀, inú ni yóò ti dàgbà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó ṣí ilẹ̀kùn róbótó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀wà tó pọ̀, àpò PICS ni kí ẹ rà, láílọ́ọ̀nù méjì nínú àpò kan, ẹ dì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó le, afẹ́fẹ́ tí kòkòrò ń mí nínú rẹ̀ á tán, wọ́n á kú láìsí oògùn kankan. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ Purdue University bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní Kamẹrúùnù láwọn ọdún 1980 ló bí i, ó sì dára gan-an. Ti àgbàdo náà, inú hóró ni ìdin rẹ̀ ń gbé, àgbà rẹ̀ ní ẹnu gígùn. Tí àgbàdo tàbí iṣu gbígbẹ, tàbí gbágùúdá gbígbẹ bá wá ń di iyẹ̀ lójú yín tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lóru, àwọn tó ń lu ihò ni, ọ̀kan nínú wọn tó burú jù, Prostephanus, Àárín Amẹ́ríkà ló ti wá, ó dé Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá, ẹ má fi sáàárín èyí tó dára.

Iyẹ̀ tó ń jábọ́ lára àga tàbí ọparun, ẹ fi ìka méjì rá a. Tó bá kúnná bíi fùláwà, ìdin kòkòrò pákó ló wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí i. Tó bá jẹ́ hóró hóró tó le bíi yanrìn, ìkán pákó gbígbẹ ni. Ìtọ́jú wọn ò rí bákan náà, ẹ mọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí nípa champion, kòkòrò tín-ín-rín tó pọ́n tó sì dúdú, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sára oje rẹ̀ á jó yín bí iná, àgbà nìyẹn, ìdin rẹ̀ kì í gbé inú ilé. Iná alẹ́ ló ń pè é wọlé. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó bá ti ta sí yín ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá rí ìdin tí kò bá èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí mu, ẹ fi mẹ́ta mẹ́rin sínú ìgò kékeré pẹ̀lú spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, kó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ mú díẹ̀ nínú ohun tí ẹ bá wọn lórí rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù lọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti yàrá tí ẹ ti rí i sórí pépà, bíró ò dára o, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ torí spirit ń fọ bíró. Ẹ̀yin ará Kàbà ẹ lè gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Ẹ̀gbẹ̀ tí Ìlọrin rọrùn fún ju Lọ́kọ́jà lọ, oríkò ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí kòkòrò inú oúnjẹ tí a tọ́jú, NSPRI, wà ní Ìlọrin. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi fótò ránṣẹ́ sí mi, mẹ́ta ni mo fẹ́: ẹ̀yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀, àti ìdí rẹ̀ ní súnmọ́súnmọ́, kí ẹ gbé rúlà tàbí hóró ìrẹsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó.